Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rí Múlẹ̀ Pé Kòkòrò Mírídì Kan Wà Ní Agbègbè Tí A Kò Tíì Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Rí

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá, fún òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní sùúrù láti wo kòkòrò dáadáa, tó sì fẹ́ kí ohun tí òun rí di àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ lè gbára lé. Kòkòrò tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó wà nínú ẹbí Miridae, tí a ó máa pè ní mírídì níhìn-ín. Wọ́n kéré, ara wọn rọ̀, ẹnu wọn rí bí abẹ́rẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń fa oje. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ nínú ẹbí yìí ti lé ní 11,000.

Àgbẹ̀ kòkó mọ iṣẹ́ ọwọ́ méjì lára wọn dunjú, ìyẹn Sahlbergella singularis àti Distantiella theobroma, tí wọ́n ń gún èso kòkó àti ọ̀mùnú ẹ̀ka rẹ̀ títí ojú ibẹ̀ yóò fi di dúdú, tí àrùn yóò sì gba ojú egbò náà wọlé. Nítorí owó tí àwọn méjèèjì ń bà jẹ́, ìwádìí lórí wọn kò dáwọ́ dúró láti ìgbà WACRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tafo ní Gold Coast ní 1944, títí dé CRIN tó rọ́pò rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1964, tó sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Àwọn mírídì tí kò fọwọ́ kan kòkó kò rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gbà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kà á níbì kan pé ẹ̀yà kan ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá kòkòrò náà ló ṣọ̀wọ́n tàbí ẹni tó ń wá a. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo gbà pé ẹni tó ń wá a ló ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ lójú mi.

Ẹ pààlà agbègbè yín

A kò lè pe àkọsílẹ̀ kan ní tuntun láìsọ ibi tó ti jẹ́ tuntun. Kòkòrò kan lè jẹ́ àkọ́rí fún Ìpínlẹ̀ Èkìtì láìjẹ́ àkọ́rí fún Nàìjíríà, ó sì lè jẹ́ àkọ́rí fún Nàìjíríà nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Gánà tipẹ́. Ní Bìrìtéènì, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti 1852, nígbà tí onímọ̀ ewéko kan, Hewett Cottrell Watson, pín erékùṣù náà sí agbègbè 112 tí ààlà wọn kì í yí padà bí ìjọba tilẹ̀ ń yí ààlà tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ń wá kòkòrò ní Kent tàbí Essex yóò rí i pé àwọn agbègbè wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣì ń lò.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ ni a ń lò, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ti pín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1976 ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1991 ni Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́. Ní 1996 ni Èkìtì jáde lára Oǹdó. Kòkòrò tí wọ́n mú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1980 lè wà nínú àpótí musíọ̀mù pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì tó ń pè é ní ti Ọ̀yọ́, ẹni tí kò bá sì rántí ìtàn yìí yóò kéde pé òun ni àkọ́kọ́ tó rí i ní Ọ̀ṣun. Bákan náà ni ilẹ̀ Benin, tí lébẹ́ẹ̀lì tó ṣáájú 1975 ń pè ní Dahomey. Nítorí náà, orúkọ ìlú tàbí abúlé ni kí ẹ máa wò nínú àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan.

Ẹ ka ohun tó ti wà nílẹ̀

Kí ẹ tó jáde lọ sínú oko tàbí igbó, ẹ mọ ẹ̀yà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún agbègbè yín. Ìwé àkójọ orúkọ mírídì gbogbo ayé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ American Museum of Natural History ní New York, ẹ sì lè wá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rí i. GBIF náà, ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kó àkọsílẹ̀ ohun abẹ̀mí gbogbo ayé jọ, ń ṣí àkọsílẹ̀ àwọn musíọ̀mù sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú ni pé orúkọ máa ń yí padà. Mírídì kékeré tó ń gbé orí tòmátì, tí a ń pè ní Nesidiocoris tenuis lónìí, ti jẹ́ Cyrtopeltis tenuis àti Engytatus tenuis rí. Ẹni tó bá fi orúkọ tuntun nìkan wá a yóò fi ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹ̀yà kan ti jẹ́ rí sínú ìwé yín, kí ẹ sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo àpótí. Àkójọ kòkòrò wà ní Musíọ̀mù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Institute for Agricultural Research ní Samaru, Zaria, ó sì wà ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, ní ilẹ̀ Benin. Àkọsílẹ̀ tuntun tó dára máa ń ti inú àpótí bẹ́ẹ̀ jáde nígbà mìíràn, lára kòkòrò tí ẹnì kan mú, tó gún mọ́lẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gba àyè

Lórí oko, ọ̀dọ̀ olóko ni ẹ ó lọ. Ní igbó ọba bíi Gámbàrí tàbí Omo, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ bí Old Oyo tàbí Okomu, àjọ National Park Service ni. Igbó àwọn òrìṣà ṣe pàtàkì gan-an fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé èèwọ̀ ti dáàbò bo igi ńláńlá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ti àyíká tán. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn gan-an ló fi yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀: nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sí ara ogún àgbáyé ní 2005, ẹ kò gbọdọ̀ já ewé kan láìjẹ́ pé àwọn tó ni ibẹ̀ gbà. Bí ẹ bá máa fi kòkòrò ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò, ẹ gba ìwé àṣẹ fún ìyẹn náà, nítorí pé àdéhùn Nagoya, tí wọ́n ṣe ní 2010 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ lórí ohun abẹ̀mí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn musíọ̀mù ńlá sì máa ń béèrè ìwé náà.

Igi kan lẹ́ẹ̀kan: bí a ṣe ń mú wọn

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú mírídì kì í jẹ orí igi gbogbo. Ẹ̀yà mìíràn wà tí kì í kúrò lórí irú igi kan ṣoṣo, àwọn mìíràn sì ń lo igi tó bára wọn tan: Sahlbergella singularis wà lórí kòkó àti obì, a sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ igi àràbà. Igi tí kòkòrò ti wá jẹ́ ìdajì orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi àwọ̀n gbá gbogbo ewéko etí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè sọ ilé èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀ka kan, tàbí kí ẹ dorí agbòòrùn tó mọ́lẹ̀ kodò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójijì. Ohun tó bá já sórí aṣọ ni kí ẹ tètè fà mu sínú ìgò kékeré tó ní ọ̀pá rọ́bà méjì, tí ẹ fi aṣọ sí ẹnu èyí tí ẹ ń fi ẹnu fà, kí kòkòrò má baà wọ ọ̀nà ọ̀fun yín. Ẹ má fi ìka mú wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ àti ìwo mírídì kì í pẹ́ já, kòkòrò tí kò sì ní ìwo ṣòroó dá mọ̀. Ibi tí òdòdó àti èéhù tuntun bá wà ni kí ẹ kọ́kọ́ lù, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ibi tí oje ti rọrùn fún wọn láti fà. Ẹ lo ìgò ọ̀tọ̀ fún igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà igi náà sára ìgò kí ẹ tó kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Kí a rí kòkòrò lórí igi kò tíì fi hàn pé igi náà ni oúnjẹ rẹ̀; ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára ni ọmọ kòkòrò tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì gùn, nítorí pé kò lè fò wá láti ibòmíràn. Ìgbà márùn-ún ni ọmọ mírídì ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, láti ìpele kẹta tàbí ìkẹrin sì ni kùkùté ìyẹ́ ti máa ń hàn ní èjìká rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ àti àgbà pọ̀ lórí igi kan náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fa oje ewéko nìkan: Nesidiocoris tenuis tí mo dárúkọ ń rìn láàárín irun lílẹ̀ tòmátì, ó ń pa ẹyin àti ọmọ àwọn kòkòrò mìíràn jẹ, títí kan ti Tuta absoluta tó ba oko tòmátì ìhà àríwá Nàìjíríà jẹ́ ní 2016, bẹ́ẹ̀ ló sì tún ń gún igi tòmátì fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí tó ń ṣe ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kó máa ṣe.

Igi náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ Yorùbá kan lè tọ́ka sí igi méjì ní ìlú méjì, nítorí náà ẹ já ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ ní Forestry Research Institute of Nigeria ní Ìbàdàn. Ẹ kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe igi náà pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ padà lọ síbẹ̀ yóò nílò rẹ̀ láti béèrè ọ̀nà.

Lóru, aṣọ funfun tí a ta síwájú iná máa ń fa mírídì púpọ̀ wá. Ó wúlò fún mímọ ohun tó wà ní àyíká, ṣùgbọ́n kò sọ igi tí wọ́n ti wá.

Ṣé mírídì ni lóòótọ́?

Pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ wo àmì mẹ́rin. Ìwo rẹ̀ ní oríkèé mẹ́rin. Ẹnu bí abẹ́rẹ́ tó dà sẹ́yìn sábẹ́ àyà ní oríkèé mẹ́rin. Kò ní àwọn ojú kékeré tó dà bí ẹ̀rúnrún lórí, àfi ìdílé kékeré Isometopinae tó ní wọn. Ní etí ìyẹ́ iwájú, kí ó tó kan apá tó fẹ́lẹ́, ègé onígun mẹ́ta kan wà tó dá dúró, apá fẹ́lẹ́ náà sì ní yàrá kan tàbí méjì tí iṣan yí ká. Ègé onígun mẹ́ta yẹn ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́fà lọ.

Fọ́tò, abẹ́rẹ́ àti lébẹ́ẹ̀lì

Ẹ ya fọ́tò kòkòrò náà láàyè lórí igi, nítorí pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa máa ń ṣá bó bá kú. Fọ́tò kò tó láti fi dá ẹ̀yà mọ̀ nínú ọ̀pọ̀ mírídì, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọ̀ mọ́, ó sì ń pa igi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa díẹ̀ nínú ìgò tó ní ethyl acetate, kí ẹ sì fi méjì tàbí mẹ́ta sínú ẹ́tánọ̀ọ̀lù ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún nínú fìríìjì, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò DNA lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ wọ inú mírídì, ó kéré jù. Ẹ gé páálí funfun sí onígun mẹ́ta ṣóńṣó, ẹ gún abẹ́rẹ́ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kékeré lẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kòkòrò mọ́ ṣóńṣó náà. Èèrà àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkójọ ní ilẹ̀ wa. Àpótí tó dé dáadáa, tí ó ní káńfọ̀ àti sílíkà tó ń fa omi nínú, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò òjò.

Lébẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì ju kòkòrò lọ, nítorí pé kòkòrò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ kọ orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìlú tàbí abúlé, ìwọ̀n ibùdó láti orí fóònù, ọjọ́, orúkọ ẹni tó mú un, igi tó ti wá àti bí ẹ ṣe mú un, pẹ̀lú yíǹkì tí omi kò lè pa rẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn onímọ̀ kòkòrò: 4.x.2024 kò ní da ẹnikẹ́ni rú, ṣùgbọ́n 4/10/2024 jẹ́ oṣù kẹwàá ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ oṣù kẹrin lójú ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Houston. Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n ibùdó pẹ̀lú, kí ẹ kọ ti àríwá ṣáájú ti ìlà oòrùn, kí ẹ sì fi lẹ́tà wọn sí i. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí 7.5 àríwá àti 4.5 ìlà oòrùn. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, kòkòrò yín yóò bọ́ sí etí òkun ní ìhà Opobo, ẹni tó ń ka àwòrán ilẹ̀ náà kò sì ní mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Dídá a mọ̀

Akọ ni ẹ ó fi ṣe é, nítorí pé ẹ̀yà ìbí akọ ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn kedere jù nínú mírídì, tí ọ̀pọ̀ abo sì jọ ara wọn débi pé wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹ gé ṣóńṣó ikùn akọ náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi KOH (potassium hydroxide) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi yọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì wò ó nínú glycerin lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Omi yìí ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì dáàbò bo ojú yín. Ìwọ̀ méjì tó wà níbẹ̀ kò bára dọ́gba, ti òsì ló sábà máa ń tóbi ju ti ọ̀tún lọ, ìrísí ti òsì yìí sì ni àwọn ìwé máa ń yà. Ẹ ya tiyín náà, láti ìhà kan náà tí ìwé ti yà á, nítorí pé bí ẹ bá yí i díẹ̀, yóò dà bí ẹ̀yà mìíràn. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ fi ègé náà sínú ike tóóró tó ní glycerin, kí ẹ sì gún un sórí abẹ́rẹ́ kòkòrò rẹ̀ gan-an.

Bí ìrísí bá bá àpèjúwe mu, ẹ tún wá kòkòrò tí onímọ̀ kan ti dá mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi wé e. Bí kò bá bá a mu délẹ̀, ẹ dá orúkọ dúró sí ìran rẹ̀ (genus, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀yà), kí ẹ fi fọ́tò àti àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ ìran náà. Orúkọ tí a fi ipá lẹ̀ mọ́ kòkòrò burú ju kí a má fún un lórúkọ lọ, nítorí pé yóò wọ inú àkójọ, àwọn ẹlòmíràn yóò sì máa dà á kọ.

Ẹ tún bi ara yín bóyá àlejò ni tàbí onílé tí a kò rí tẹ́lẹ̀. Ní Bìrìtéènì, Deraeocoris flavilinea, tó ti gúúsù Yúróòpù wá, kọ́kọ́ hàn ní 1996, ó sì tàn káàkiri lẹ́yìn náà. Irú bẹ́ẹ̀ ni àlejò. Bí ẹ bá rí tiyín lórí òdòdó tí wọ́n gbé wá láti òkèèrè, ní ọgbà ilé tàbí lẹ́bàá èbúté, tí kò sì sí lórí ewéko ìbílẹ̀ kankan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà nínú igbó àtijọ́ lórí igi ìbílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Fífi í pamọ́ àti títẹ̀ ẹ́ jáde

Ẹ fi kòkòrò náà sí musíọ̀mù kí ẹ tó tẹ àkọsílẹ̀ jáde, kí ẹ sì pín in sí ibi méjì ó kéré tán, ọ̀kan nílé. José Cândido de Melo Carvalho, ọ̀kan lára àwọn tó mọ mírídì jù lọ láyé, ṣiṣẹ́ ní Museu Nacional ní Rio de Janeiro. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2018, iná jó ilé náà, ọ̀pọ̀ nínú àkójọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ. Ohun tí wọ́n ti pín sí musíọ̀mù mìíràn ló ṣẹ́ kù.

Àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀ kò ní láti gùn. Orúkọ ẹ̀yà pẹ̀lú ẹni tó fún un lórúkọ àti ọdún, gbogbo ọ̀rọ̀ orí lébẹ́ẹ̀lì, iye akọ àti abo, igi tó ń gbé, àmì tí ẹ fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jọ ọ́ jù, ibi tí wọ́n ti rí i rí, àti musíọ̀mù tí ẹ fi í sí: àwọn nìyẹn ni olóòtú yóò wá. Fi àwòrán ilẹ̀ kan àti fọ́tò kan kún un. Ẹ tún gbé e sórí GBIF, kí ẹni tó wà ní Lomé tàbí Parakou lè rí i láìsanwó.

Bí onímọ̀ kan bá tún kòkòrò náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tó sì fún un ní orúkọ mìíràn, ẹ tún un ṣe lórí GBIF, kí ẹ kọ àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ìwé tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Lébẹ́ẹ̀lì tuntun yóò wọlé sábẹ́ ti àtijọ́ lórí abẹ́rẹ́ kan náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tún un dá mọ̀ àti ọdún. Ẹ má yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹni tó bá ka àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ lè mọ kòkòrò tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.